Gẹ̀gẹ̀ Lọ, Àìsàn Kù

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ó sì le díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, à ń jíròrò lórí orúkọ àìsàn nínú èdè Yorùbá ní kíláàsì mi. Mo fi ìpolówó kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n máa ń fi gbohùngbohùn ké nítòsí ìdíkọ̀ ní Mọ́níyà tí mò ń gbé: ìgò kan ṣoṣo tó ń wo gẹ̀gẹ̀ sàn, tó sì ń jí tàírọ́ìdì tó ti kú dìde. Mo ní irọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ọmọ tó mọ̀wé gan-an ni, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa pé kí á má fi ohun tiwa ṣẹ̀sín, ẹ̀yin náà ni ẹ tún ń bu ìṣègùn àwọn baba wa kù?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, àkókò pé, a túká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ohun tí mo sọ. Ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti kọ́ ọ.

Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ìborùn ló fi ń bò ó. Ní ọdún 2019, nígbà tí òkèlè bẹ̀rẹ̀ sí í há a lọ́fun, tí kò sì lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n sì yọ ẹ̀yà ara náà kúrò pátápátá. Ojú ọgbẹ́ jinná. Àpá rẹ̀ kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Wọ́n fún un ní hóró oògùn wẹ́wẹ́ kan, wọ́n ní kí ó máa lo ẹyọ kan láràárọ̀ kí ó tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún un ní, "Ẹ ó máa lò ó títí." Gbogbo àlàyé tí ó rí gbà nìyẹn.

Ó lò ó fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan ta ìgò kan fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mùsùlùmí ni wá nílé wa. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn ni mo ń bá jà. Wọ́n ya ewé àti ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá sára ìgò náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣègùn Yúnánì ni. Ọ̀rọ̀ tí olóògùn náà sọ fún un kò gùn: "Oògùn tí èèyàn ń lò títí kì í ṣe oògùn, ẹ̀wọ̀n ni. Tiwa yóò wò ó tán." Ẹ̀gbọ́n mi kó hóró oògùn rẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Dókítà ìwé, ṣé o rí i?" (Bí ó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, kí ó lè yà mí sọ́tọ̀ kúrò lára dókítà abẹ́rẹ́.) N kò rí ohunkóhun sọ. Ojú ń tì mí títí di òní pé n kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé thyroxine, họ́mónù tó wà nínú hóró oògùn náà, kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí èèyàn bá dá a dúró lónìí, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ṣì wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, láàárín àwọn ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń yin ìgò yẹn, oògùn tó ti kó sísàlẹ̀ àpótí ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Hóró oògùn ló ru ẹrù, ìgò ló gba ọpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá bú sí ẹ̀rí lójú yín pé òun lo nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara òun sì yá.

Nígbà tó di oṣù kẹta, òtútù ń mú un nínú Ẹrẹ́nà, nígbà tí gbogbo Ìbàdàn ń làágùn. Ohùn rẹ̀ wá rinlẹ̀ bí ohùn ọkùnrin. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Obìnrin tó ń ṣírò owó ọjà lórí láìlo bírò kò lè fún oníbàárà ní ṣéńjì mọ́. Ẹ wá gbọ́ bí àwa ará ilé ṣe ń sọ ọ́. Àárẹ̀ tó mú un, a pè é ní ibà. Àìrígbẹ́yà, a pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Oríkèé ara tó ń dùn ún, a pè é ní làkúrègbé. Ìgbàgbé àti ọ̀rọ̀ tó ń fà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n pè é: wọ́n ní àwọn ayé ti fọwọ́ kàn án. Àìsàn kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́rin, àgbo mẹ́rin, owó mẹ́rin. Èmi tí mo gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pín ayé sí wẹ́wẹ́, mo jókòó sí àárín ilé, n kò mọ̀ pé ojú mi ni ọ̀rọ̀ ti ń pín ẹ̀gbọ́n mi sí wẹ́wẹ́.

Lóru ọjọ́ tí a gbé e lọ, ara rẹ̀ tutù bí ara ẹja, ọkàn rẹ̀ sì ń lù díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rìn lójú àlá. Dókítà fi ọwọ́ kan àpá ọrùn rẹ̀, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan péré: "Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀?"

Ó yè é. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.

Gẹ̀gẹ̀ jẹ́ orúkọ ohun tí ojú rí. Ó ń tọ́ka sí wíwú tó wà níwájú ọrùn, kò sì tọ́ka sí ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí tàírọ́ìdì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lè ní gẹ̀gẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ń ṣe ọ̀lẹ lè ní in pẹ̀lú. Ẹni tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ déédéé lè ní in. Bẹ́ẹ̀ sì ni tàírọ́ìdì lè kú pátápátá kí ọrùn sì máa dán bí ọrùn arẹwà. Àwọn baba wa sọ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Gẹ̀gẹ̀ ní orúkọ, ó ní ìjánu. Àìsàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní orúkọ, ó ń rìn kiri láìsí ẹni tó dè é. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ fi dà rú lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ kúrò, gẹ̀gẹ̀ sì ni a sọ fún un pé ó ń ṣe é. Kí ló kù tí ó tún ń lo oògùn sí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àléébù Yorùbá nìkan ni èyí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Yúróòpù gan-an gbà nígbà kan pé bí gẹ̀gẹ̀ bá lọ, àìsàn lọ. Theodor Kocher ti ìlú Bern ní Switzerland, tí ọwọ́ rẹ̀ dá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ yìí, ló padà lọ wo àwọn tí ó ti yọ tàírọ́ìdì wọn tán. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di aláàárẹ̀, ojú wọn wú, èrò wọn ń fà. Ó kéde rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1883, àṣìṣe tirẹ̀ ló sì ń kéde. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1909. Ní 1891, George Murray, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fa omi tàírọ́ìdì àgùntàn jáde, ó sì fi abẹ́rẹ́ fún obìnrin kan tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Obìnrin náà gbé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sí i. 1919 ni ó tó kú. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 1914, Edward Kendall yọ thyroxine gan-an jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ kíyè sí i: láti ọrùn àgùntàn ni ìwòsàn yìí ti wá. Bí àwọn baba wa bá gbọ́ ọ, ẹnu kò ní yà wọ́n. Àwọn náà mọ̀ pé ohun tó wà lára ẹran lè ran ohun tó wà lára èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀dọ̀ Yúnánì, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ mi pè é ní ìṣègùn àwọn baba wa. Baba ta ni? Yūnān ni àwọn Lárúbáwá ń pe ilẹ̀ Gíríìkì, láti ara orúkọ Ionia. Ìmọ̀ Hippocrates àti Galen ni àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí gbà, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì fi kún. Ibn Sīnā, ẹni tó kú ní 1037, ló kọ ìwé al-Qānūn tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá lò fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó dé ilẹ̀ Íńdíà, ó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀; ìjọba wọn ń náwó sórí rẹ̀ títí di òní. Omi mẹ́rin ni ó gbé ara èèyàn kà: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ ìyeyè àti òróòro dúdú. Ìmọ̀ tó níyì ni, n kò ní í fi ṣẹ̀sín. Àmọ́ Ibn Sīnā ti kú fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún kí Kocher tó fi hàn wá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní tàírọ́ìdì mọ́. Ẹni tó bá ta ìgò lónìí tó ní Ibn Sīnā ló pèsè oògùn fún tàírọ́ìdì tó ti rẹ̀, orúkọ ọkùnrin ńlá yẹn ló fi ń purọ́.

Wọn yóò ní, habbatu saúdà ńkọ́? Mo ti retí ìbéèrè náà. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Tabriz ní ilẹ̀ Ìráànì tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde. Ogójì aláìsàn ni wọ́n lò, àwọn tí ara wọn fúnra rẹ̀ ń gbógun ti tàírọ́ìdì wọn. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀lúbọ́ habbatu saúdà gíráàmù 2 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. TSH, ìwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ bóyá tàírọ́ìdì ń jìyà, sì wálẹ̀ lára wọn. Inú mi dùn sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, fún ìgbà tó gùn jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tàírọ́ìdì àwọn ogójì yẹn ṣì wà lọ́rùn wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú ike oníṣẹ́ abẹ láti 2019. Ewé wo ló fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí?

Èyí tó tilẹ̀ dẹ́rù bà mí jù ni ìgò tó ń ṣiṣẹ́. Ní 2013, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde jáde lórí àfikún oúnjẹ mẹ́wàá tí wọ́n ń tà fún ìlera tàírọ́ìdì láìsí ìwé dókítà. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní họ́mónù T3 gan-an nínú, márùn-ún sì ní thyroxine. Àwọn tó rà á gbà pé ewé àti èròjà ara-ẹni ló mú wọn lágbára. Họ́mónù tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n ń gbé mì, láìsí ẹni tó wọ̀n ọ́n fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo ní láti tú palẹ̀. Bí ìgò bá ní nọ́ńbà NAFDAC lára, wọn a ní "NAFDAC ti fọwọ́ sí i." Ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Fún oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n kàn kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Kíkọ orúkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí jíjẹ́rìí. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kò tíì yege.

Ẹ̀ṣẹ̀ wa, àwa tí a mọ̀wé, kò sì kéré. "Ẹ ó máa lò ó títí." Ẹ fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Lédè wa, a máa ń wo àìsàn, ó sì máa ń sàn. Iṣẹ́ oògùn ni pé kó parí iṣẹ́ kó sì lọ. Oògùn tí kò lọ mọ́ jọ oògùn tí kò jẹ́. Olóògùn tó pè é ní ẹ̀wọ̀n mọ èdè Yorùbá ju nọ́ọ̀sì yẹn lọ, ó sì fi ìmọ̀ èdè rẹ̀ ṣe ibi. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé hóró yẹn kò wá wo ohunkóhun sàn. Ó wá rọ́pò ni. Ohun tí ọrùn rẹ̀ ń pèsè lójoojúmọ́ láti inú oyún wá, ọrùn náà kò sí mọ́, hóró yìí ló ń pèsè rẹ̀. Bí a ṣe ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì pe iyọ̀ ní ẹ̀wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni.

Iyọ̀ tilẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Áyódíìnì tí tàírọ́ìdì fi ń ṣiṣẹ́ ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbègbè, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ iyọ̀: ní Switzerland láti 1922, ní Nàìjíríà láti 1993. Ọ̀pọ̀ gẹ̀gẹ̀ tí kò yọ lọ́rùn àwọn ọmọ wa, iyọ̀ ni kò jẹ́ kó yọ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá sì ń wá ìmọ̀ àwọn ìyá wa tó dáàbò bo ọrùn, kí ó má lọ síbi gbohùngbohùn. Kí ó lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, kò jìnnà sí ilé mi. Ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun tó ń di májèlé sáyánáìdì, ara sì máa ń sọ díẹ̀ tó bá kù nínú oúnjẹ di èròjà kan tó ń dí áyódíìnì lọ́nà. (Ẹ má fi ìró so ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ gẹ̀gẹ̀ o, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.) Ní 1967, Ekpechi kọ̀wé lórí ipa ẹ̀gẹ́ nínú gẹ̀gẹ̀ ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, lẹ́yìn náà, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù rí i ní Kóńgò pé ibi tí áyódíìnì ti ṣọ̀wọ́n, tí wọn kò sì ṣe ẹ̀gẹ́ dáadáa, ni gẹ̀gẹ̀ ti pọ̀. Kí ni àwọn ìyá wa ń ṣe? Wọ́n ń rin ín, wọ́n ń jẹ́ kí ó kan, wọ́n ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè dà nù, wọ́n wá ń yan án lójú agbada gbígbóná. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń lé lára májèlé náà jáde. Òkèèrè ni ẹ̀gẹ́ ti wá bá wa, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń tù ú lójú. Iṣẹ́ sùúrù ni, kò sí ìgò lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń polówó rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo àṣà kì í sì í dárúkọ rẹ̀, torí pé obìnrin ló ń ṣe é, èéfín sì wà níbẹ̀.

Bákan náà ni ìṣègùn Yorùbá gan-an rí. Nínú ìwé Ewé tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní 1995, àpèjúwe oògùn 447 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ewé tirẹ̀, ọfọ̀ tirẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Ìmọ̀ tó ní ààlà ni. Gbogboǹṣe inú ìgò ló ń tú ààlà náà ká. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé ìwòsàn, mo tọ ìyá alágbo kan lọ ní ọjà, obìnrin tó ti ju àádọ́rin ọdún lọ, mo ròyìn fún un, mo ní bóyá ó ní nǹkan. Ó bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n ti yọ ọ́ tán lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, wọn ò kọ́ mi ní ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa lo tòyìnbó." Ó sì yí sí oníbàárà mìíràn.

Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni ìṣègùn àwọn baba wa wà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin sí ni mo ń gbèjà nígbà tí mo pe ẹlòmíràn ní òpùrọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ìdájí, kí ó tó kírun àsùbáhì, ó ti lo hóró rẹ̀ pẹ̀lú omi lásán. Ó di wákàtí kan kí ó tó mu ẹ̀kọ. Ọjọ́ tí mo fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ ṣàlàyé fún un, ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti 2019?" Iyọ̀ ọrùn ni ó ń pè é báyìí. Ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi yóò kọ ọ́ sójú pátákó, a ó sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè di orúkọ.

Ó dìgbà kan ná.